Bí A Ṣe Ń Tún Sílìǹgì Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì Tó Sán Ṣe

Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ṣì wà tí sílìǹgì wọn jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po mọ́ fọ́nrán òkúta. Bí kò bá sán, tí kò sì rún, ẹ fi í sílẹ̀. Eruku rẹ̀ ló léwu: ojú kì í rí fọ́nrán náà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, jẹjẹrẹ tó ń fà sì lè lo 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí sílìǹgì ìgbàlódé tí kò ní in. Bí ẹ kò bá ṣe àyẹ̀wò, ẹ gbà pé òun ni.

Ibi tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ẹ lè tún ṣe fúnra yín. Èyí tó ti ń rún tàbí tó ti wó, ẹ ti yàrá náà pa, kí ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dí ibi tí òrùlé ti ń jò. Ẹ pa iná yàrá náà láti ibi fíúsì, ẹ kó ẹrù jáde, ẹ tẹ́ ọ̀rá nínípọn sílẹ̀. Ìbòmú FFP3 tàbí P100, èyí tó ń sẹ́ eruku tó kéré gan-an, ni kí ẹ lò. Ti ilé ìwòsàn kò lè dá fọ́nrán náà dúró, irùngbọ̀n sì máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, nítorí náà ẹ fá a. Aṣọ àtijọ́ tí ẹ máa sọ nù tó dípò aṣọ iṣẹ́ olówó gọbọi.

Ìnu ojú sílìǹgì ni ọ̀pọ̀ péńtà fi ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á mú sáńpépà, ọ̀bẹ ìhaǹkan tàbí ìgbálẹ̀, eruku á sì gba gbogbo ilé. Ẹ má ha á, ẹ má gbá a, ẹ má fa ìṣó yọ, ẹ má sì fi díríìlì lu ú nítorí fáànù. Ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré 1 mọ́ omi lítà 1, kí ẹ fọ́n ọn bí ìrì láti inú igo ìfọ́nmi. Omi tó bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára á gbá fọ́nrán dànù, ẹ má lò ó. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, nítorí ọ̀dà àtijọ́ kì í tètè mu omi, lẹ́yìn náà ẹ tún fọ́n ọn, pàápàá ní etí ibi tó sán. Ẹ fi àkísà tútù nù ún sí apá kan ṣoṣo, ẹ ká a kí ẹ tó nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fọ àkísà náà nínú garawa rárá. Omi á gbẹ, fọ́nrán á sì kù.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun, tí a fi omi là díẹ̀ kun ibi tó sán, ẹ lẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ẹ tún kun orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìmọ́ṣọ̀n, ìyẹn ọ̀dà olómi, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà olóróró máa ń bó lára sìmẹ́ǹtì.

Ẹ ká ọ̀rá ilẹ̀ sínú, ẹ fi òun, àkísà àti aṣọ yín sínú ọ̀rá méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sára rẹ̀. Ẹ má sun ún, ẹ má sì kó àfọ́kù fún ẹni tó fẹ́ fi bo ilé adìyẹ. Ìbòmú ni ẹ máa yọ kẹ́yìn, kí ẹ tó wẹ̀ torí-tẹsẹ̀.