Bí A Ṣe Ń Fi Kíróṣéè Hun Orí Bèbí Kí Ó Rí Róbótó

Amigurumi ni àwọn ará Jàpáànì ń pe bèbí tí a fi kíróṣéè hun, tí a sì ki òwú sí nínú. Ojú ìhun kan ṣoṣo, èyí tó kúrú, la fi ń hun ún látòkèdélẹ̀. Ibi tí a bá ti fi ojú kún un àti ibi tí a bá ti dín in kù ló ń sọ ọ́ di orí, ikùn tàbí ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ kíkà.

Ẹ wá wúùlù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kí ẹ lè máa rí ojú ìhun yín, àti ìkọ́ tó kéré díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sára wúùlù náà, kí ìhun lè fún pinpin, kí òwú inú má bàa yọjú.

Ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n méjì, ìyẹn okùn tí a fi ìkọ́ fà gba inú okùn mìíràn, kí ẹ hun ojú 6 sínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Fún ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ìkọ́ bọ ihò, ẹ kọ́ wúùlù jáde kí okùn méjì wà lórí ìkọ́, kí ẹ tún wúùlù kọ́, kí ẹ sì fà á la okùn méjèèjì kọjá. Ní àyípo kejì, ojú méjì ni ẹ ó hun sínú ojú kọ̀ọ̀kan, yóò di 12. Ní ẹ̀kẹta, ẹ hun ojú kan, kí ẹ hun méjì sínú èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi di 18. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa fi 6 kún un títí àyípo karùn-ún yóò fi pé 30. Ẹ má ṣe so ìparí àyípo mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa hun ún lọ bí ìkarahun ìgbín, kí ẹ sì fi píìnì sí ojú àkọ́kọ́ àyípo kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó bá ṣi kíkà yóò tú u.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀: bí àwọn ibi tí a fi kún bá to léra wọn, orí yóò ní igun mẹ́fà. Ní àyípo kẹrin, ẹ fi ojú kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó fi kún un, lẹ́yìn náà kí méjì méjì máa wà láàárín, kí ẹ sì fi ojú kan parí rẹ̀. Igun náà yóò lọ.

Ẹ wá hun àyípo márùn-ún lórí 30 láìfikún, láìdínkù.

Dídínkù ló gba sùúrù jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ́ okùn méjèèjì tó wà lórí ojú ni mo ń ti ìkọ́ bọ̀, gbogbo ibi tí mo dínkù sì ń wú, ó ń lu ihò. Okùn iwájú nìkan ni kí ẹ mú lára ojú méjì tó tẹ̀ léra. Okùn mẹ́ta yóò wà lórí ìkọ́. Ẹ kọ́ wúùlù la méjì àkọ́kọ́ kọjá, kí ẹ tún un kọ́ la méjì tó kù. Ẹ hun ojú mẹ́ta, kí ẹ dínkù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí àyípo yóò fi parí; ìyẹn yóò mú un padà sí 24. Ní àyípo tó tẹ̀ lé e, ojú méjì, dínkù. Yóò di 18.

Níbí yìí ni kí ẹ ti máa ki òwú sí i ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, nítorí òwú tí a bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà yóò ṣe gbáńkú-gbàǹkù. Ẹ dín in kù sí 12, kí ẹ tún ki díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dín in kù sí 6. Ẹ gé wúùlù, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á gba okùn iwájú ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá, kí ẹ fún un, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ pamọ́ sínú.

Bí ọmọ tí ẹ hun ún fún kò bá tíì pé ọdún 3, ẹ fi òwú dúdú rán ojú bèbí náà. Ẹ má ṣe fi bọ́tìnnì sí i, nítorí ó lè já, kí ọmọ sì gbé e mì.