Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó ara yín lọ jẹ sìtéèkì ní Àbújá

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Àbújá: “Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká pàdé ní Wuse 2 lálẹ́ Fúráìdè, ká jẹ sìtéèkì fún ọjọ́ ìbí Ẹ̀gbọ́n.” (Sìtéèkì ni ègé ẹran màlúù tó nípọn tí wọ́n yan lórí iná.) Gbogbo wọn á na àtàǹpàkò sókè lórí WhatsApp. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè iye tí àwo kan jẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè ẹni tó máa sanwó.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, torí ohun tí kálukú gbé sọ́kàn wá yàtọ̀. Àwọn àbúrò gbà pé àgbà tó wà láàárín wọn ló máa san. Àgbà gbà pé kálukú á san tirẹ̀. Ọlọ́jọ́ ìbí gbà pé wọ́n fẹ́ ṣe òun lálejò ni. Àṣà wa ò sì jẹ̀bi níbẹ̀: àgbà tó bá pe ọmọdé wá jẹun ló ń sanwó, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló pe ara rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Agbáwo gbé bíìlì dé. Àgbà tó jókòó síwájú tábìlì ṣí i wò, ó pa á dé, ó tún ṣí i. “Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúkú pín in dọ́gba.” Àbúrò kan wà ní ìgun tábìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìjọba, tó wọ ọkọ̀ méjì láti Kubwa. Ọ̀dùnkún díndín àti ọbẹ̀ olómi kan ló jẹ, omi ló mu. Ìpín tirẹ̀ báyìí ti ju owó oúnjẹ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Kò ní bá àgbà jiyàn. Á ní, “Kò burú, ẹ̀gbọ́n,” á fi owó náà ránṣẹ́ látorí fóònù, á sì máa wá àwáwí nígbà tí wọ́n bá tún pè é. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn tó kù á rò pé kò fẹ́ràn àwùjọ.

Nítorí náà, ẹ má pín bíìlì dọ́gba àfi tí gbogbo yín bá ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹni tó ṣètò ìpàdé náà ni kó fi àwòrán mẹ́nù ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kálukú á san tirẹ̀, ẹ ó sì pawọ́ pọ̀ san ti ọlọ́jọ́ ìbí. Kí ẹ tó pàṣẹ oúnjẹ ni kí ẹ sọ fún agbáwo pé bíìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ fẹ́. Tó bá ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ìyà ni yóò fi jẹ yín àtòun láti tú u.

Ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n kọ sídìí tomahawk, ẹran ìhà eléegun gígùn tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Níbi púpọ̀, iye gíráàmù 100 ni wọ́n kọ, kì í ṣe iye odindi ẹran. Tí ẹran náà bá jẹ́ gíráàmù 1,200, ìlọ́po 12 lẹ máa san, wọ́n sì wọn eegun mọ́ ọn. Tútù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Tó bá fi máa kúrò lórí iná, ó ti fúyẹ́. Ẹ bi agbáwo ní tààrà: “Èyí tí ẹ fẹ́ yan fún wa yìí, èló ni gbogbo ẹ̀?”

Iye orí mẹ́nù nìkan kọ́ lẹ máa san. VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, ti wà ní ìdá 7.5 nínú 100 láti 2020, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ sì tún ń gba sáfíìsì ṣáájì, ìyẹn owó ìtọ́jú oníbàárà. Ká ní oúnjẹ yín jẹ́ ₦400,000, tí sáfíìsì ṣáájì jẹ́ ìdá 10: ₦40,000 nìyẹn, VAT orí oúnjẹ á tún mú ₦30,000. Ó ti di ₦470,000. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ò gbà kí wọ́n ní kí ẹ san ju iye tí wọ́n kọ síta lọ, torí náà tí ẹ ò bá rí sáfíìsì ṣáájì nínú mẹ́nù, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó tì í.

Ẹ má sì tìtorí ojú ayé ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹran yín jinná. Omi pupa tó ń jáde lára ẹran náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, èròjà tó ń jẹ́ myoglobin ló pọ́n ọn. Síbẹ̀, tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ sọ ọ́. USDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ní kí inú sìtéèkì gbóná dé 63°C, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C. Èyí tí wọ́n ń pè ní medium rare, tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, ò tó bẹ́ẹ̀, aláboyún ò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó jinná dáadáa, ribeye (ẹran ìhà) ni kó mú, torí ọ̀rá inú rẹ̀ ò ní jẹ́ kó gbẹ bíi fillet (ẹran ẹ̀yìn tó rọ̀, tí kò lọ́ràá púpọ̀). Fillet tó nípọn máa ń pẹ́ lórí iná kó tó jinná délẹ̀, gbogbo tábìlì ni yóò sì máa dúró dè é.

Tí Mùsùlùmí bá wà láàárín yín, kò tó láti béèrè bóyá màlúù náà jẹ́ halal. Ẹ béèrè bóyá wáìnì wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí ẹran, àti bóyá orí irin kan náà ni wọ́n ti ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ béèrè lórí fóònù nígbà tí ẹ bá ń gba àyè sílẹ̀, kí Alhaja má baà máa jẹ sàláàdì lásán níbi tí gbogbo yín ti ń jẹ ẹran.

Ẹ má mú mogbọ́-mo-yà dání láìsọ, torí iye èèyàn tí ẹ kà fún wọn ni wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún. Omi náà ńkọ́? Tí agbáwo bá ti fẹ́ ṣí ìgò omi òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì ní kó mú ti Nàìjíríà wá.