Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ọwọ́ fífọ̀, ẹ gbà mí o

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ní báyìí, iṣẹ́ mi ni kí n dúró sí kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú bébà, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló fọwọ́, ta ni kò fọ̀. "Màmá Fọwọ́" ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Kò dùn mí mọ́. Owó táwọn ilé ìwòsàn tuntun ń fi ṣòfò ló ń dùn mí. Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí nídìí ọwọ́ fífọ̀ rèé:

1. Wọ́n á ra ẹ̀rọ sánítáísà olówó gọbọi, wọ́n á kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà kí àlejò lè rí i. Bátìrì á kú lóṣù kejì. Dókítà tí ogún aláìsàn ń dúró dè kò ní rìn padà sẹ́nu ọ̀nà torí àtifọwọ́. Ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni kẹ́ ẹ rà.

2. Ríra sánítáísà láìwo ara ìgò. Ọtí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) wà tí fámásì yín lè fi po tiyín: ethanol (ọtí yẹn gan-an), hydrogen peroxide díẹ̀, glycerol kí ọwọ́ má baà gbẹ, àti omi sísè tó ti tutù. Ẹni tó ń bu omi sí i kó lè pẹ́, mo ti rí ọ.

3. Òrùka àti èékánná àlẹ̀mọ́. Ẹ bọ́ wọn.

4. Ìbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó.

Lọ́jọ́ kan mo ń wo nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fi ìbọ̀wọ́ tún dírípù ṣe níbùsùn àkọ́kọ́, ó ṣí fáìlì, ó gbé fóònù, ó ti awò ojú ẹ̀ sókè, ó dé ibùsùn karùn-ún, ìbọ̀wọ́ kan náà ṣì ni. Mo ní, "Ta lo torí ẹ̀ wọ ìyẹn?" Ó ní, "Mà, kí àìsàn má baà ràn mí ni." Aláìsàn ńkọ́? Ó dákẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi sánítáísà pa ìbọ̀wọ́ lára, wọ́n á máa bá a lọ! Ìbọ̀wọ́ lè ní ihò tí ojú kò rí, ọwọ́ sì lè kó èérí nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ. Aláìsàn kan, ìbọ̀wọ́ kan. Ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ fọwọ́.

Kí n má parọ́, lọ́dún 2014 tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, méjì lèmi wọ̀ lórí ara wọn. Mo bọ́ wọn tán, mo fi ọwọ́ náà nu òógùn ojú. Ọ̀gá mi rí mi. Ohun tó sọ kò ṣeé kọ síbí.

Ìbẹ̀rù kí àìsàn má baà ràn wọ́n yẹn náà ló fà á tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ kan aláìsàn tán ni wọ́n ń sáré fọwọ́. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọn kì í sábà fọwọ́. Ara wọn ni wọ́n ń fọwọ́ fún.

Àwọn yòókù: sánítáísà kì í pa irúgbìn (spore) kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní C. difficile, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọṣẹ àti omi ni ẹ lò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 fún sánítáísà, 40 sí 60 fún ọṣẹ, kì í ṣe kí omi kàn kan ọwọ́. Táwẹ́ẹ̀lì tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù láti ọjọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò.

Ẹ má sì gba iye ẹni tó fọwọ́ tí mo kọ sílẹ̀ gbọ́ tó bá jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rí mi. Tí wọ́n bá ti rí mi, gbogbo ọwọ́ á mọ́ lójijì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wé gèlè, mo gbé fúláàsì oúnjẹ dání, mo jókòó bí ìyá aláìsàn. Nígbà tí mo gbé iye tí mo kà lọ́jọ́ yẹn fún ọ̀gá àgbà, ó ní kí n lọ tún un kà.