Bí a ṣe ń ṣètò tábìlì PostgreSQL kó má baà wú

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kábà ń fi PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó àkọsílẹ̀ sínú tábìlì, tọ́jú owó ọmọ ẹgbẹ́, tábìlì `akanti` sì ní ìlà 100,000. Bí owó ẹnì kan bá yí padà, ìlà tuntun ni PostgreSQL ń kọ. Ti àtijọ́ á di òkú sílẹ̀ níbẹ̀. Òkú ìlà yìí ló ń mú tábìlì wú.

Ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n (`n_dead_tup` ni iye òkú, `n_tup_upd` ni iye ìgbà tí ìlà yí padà, `n_tup_hot_upd` sì ni èyí tí kò fọwọ́ kan index nínú wọn; index ni atọ́ka tó ń jẹ́ kí a tètè rí ìlà):

`SELECT relname, n_dead_tup, n_tup_upd, n_tup_hot_upd FROM pg_stat_user_tables ORDER BY n_dead_tup DESC;`

Autovacuum, iṣẹ́ tí PostgreSQL ń ṣe fúnra rẹ̀, ló ń palẹ̀ wọn mọ́, àmọ́ bó ṣe wà látilẹ̀, àfi kí òkú ju 50 àti ìdá 20 nínú 100 ìlà lọ kó tó dìde. Lórí `akanti`, 20,050 nìyẹn, ó sì ti pọ̀ jù. Ẹ yí i padà fún tábìlì yìí nìkan:

`ALTER TABLE akanti SET (autovacuum_vacuum_scale_factor = 0.02, fillfactor = 85);`

Báyìí, 2,050 ti tó. Fillfactor 85 ń fi ìdá 15 nínú 100 sílẹ̀ lófìfo nínú ojú-ìwé 8 kB kọ̀ọ̀kan tí PostgreSQL ń kó ìlà sí, kí ìlà tuntun lè ríbi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ láìfọwọ́ kan index. Bí index bá wà lórí òpó `iye_owo` tó ń yí padà lójoojúmọ́, asán ni àyè tí fillfactor fi sílẹ̀ yìí. Bí `n_tup_hot_upd` bá kéré gan-an sí `n_tup_upd`, irú index bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ojú-ìwé tó ti kún tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà. `VACUUM FULL akanti;` ló ń tún gbogbo rẹ̀ kọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní lè ka tábìlì náà títí yóò fi parí, ó sì nílò àyè fún ẹ̀dà tuntun lórí dísíkì. Òru ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe backup.

Láti Kábà dé Ìsánlú, iná tó ń lọ lójijì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí sáfà PostgreSQL bá kú láìṣe pé a pa á, owó ọmọ ẹgbẹ́ kò ní sọnù, ṣùgbọ́n iye òkú tí PostgreSQL ti kà á padà sí òdo. Autovacuum á tún bẹ̀rẹ̀ kíkà látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tábìlì á máa wú, `n_dead_tup` á sì máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, gbàrà tí sáfà bá dìde, ẹ ṣe `VACUUM (ANALYZE) akanti;`, kí ẹ sì máa fi `pg_total_relation_size('akanti')` wo bó ṣe tóbi tó. Bí inverter bá wà, ẹ jẹ́ kó fún yín láyè láti fi `pg_ctl stop -m fast` pa sáfà kí bátìrì tó tán. Ìyẹn kì í pa kíkà náà rẹ́.