Bí a ṣe ń fi sẹ́ńsọ̀ méjì mọ ibi tí bọ́dì típà gbé dé

Típà tó ń já yanrìn l'Óṣogbo kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ tó tẹ́jú dúró sí, pàápàá ní apá Òkè-Baálẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo bá wà lára bọ́dì, ìdagẹ̀rẹ̀ bọ́dì àti ti ilẹ̀ ni yóò kà pa pọ̀. Ẹ fi ọ̀kan sára bọ́dì, ẹ fi èkejì sórí ṣaasí (férémù ọkọ̀ tí bọ́dì jókòó lé), kí ẹ wá yọ ti ṣaasí kúrò nínú ti bọ́dì.

MPU6050 (sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìdagẹ̀rẹ̀) méjì tó wà lórí bọ́ọ̀dù GY-521 ti tó, pẹ̀lú Arduino Uno (kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí). Wáyà méjì tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyí: SDA sí A4, SCL sí A5. 0x68 ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ so ẹsẹ̀ AD0 ti ọ̀kan mọ́ 3.3V (kì í ṣe 5V o) kó lè di 0x69. Nínú kóòdù, ẹ kọ 0 sí rẹ́jísítà (àyè ètò inú sẹ́ńsọ̀) 0x6B kí sẹ́ńsọ̀ lè jí, kí ẹ sì kọ 6 sí 0x1A nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ bọ́dì kalẹ̀, wọ́n á yọ iyekíye tó bá hàn, wọ́n á ní ó ti di òdo. Irọ́ ni. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣìṣe àbínibí tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń wọ̀n: X àti Y lọ gbọọrọ lójú bọ́ọ̀dù, Z kọjú sókè láti ojú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é gbà pé ti Z lè tó 0.08 g (g ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan). Nígbà tí bọ́dì bá sùn sílẹ̀, àṣìṣe Z kì í hàn. Bí bọ́dì bá wá gbé dé dígírì 45, 42 ni ẹ lè kà.

Kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀, ẹ lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ inú páálí kékeré onígun mẹ́rin, kí ẹ gbé e lé àfọ́kù táìlì. Ẹ kọjú Z sókè, ẹ kà á nígbà 100, kí ẹ mú ìdá-ọgbọọgba wọn. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ tún kà á. Ká ní ó mú 17,694 àti −15,074 wá (nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ń kà, kì í ṣe dígírì): ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 1,310 ni àṣìṣe Z. Iye yìí ni kóòdù gbọ́dọ̀ máa yọ kúrò lára Z kó tó ṣírò igun. Ẹ ṣe X àti Y bákan náà, fún sẹ́ńsọ̀ méjèèjì. Ẹ má wá lẹ́fẹ̀lì kiri: tábìlì tó fì ní dígírì 2 kò lè ba èyí jẹ́.

Ẹ de àwọn méjèèjì sí ẹ̀yìn ọkọ̀, nítòsí páìnì tí bọ́dì ń yí lé. Igun kan náà ni bọ́dì ń gbé láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà kò sídìí láti fa wáyà gígùn tí yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ti tó. Kí ọfà X tó wà lójú bọ́ọ̀dù àwọn méjèèjì bá páìnì lọ ní gbọọrọ. Bóòtù ni kí ẹ lò: gọ́ọ̀mù olójú méjì máa ń rọ̀ nínú oòrùn.

atan2(Y, Z) × 57.3 ni igun sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan: atan2 ló ń ṣírò igun nínú kóòdù, 57.3 ló ń sọ ọ́ di dígírì. Ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí bọ́dì sùn sílẹ̀ ti wá di ti ìdè nìkan, ẹ lè yọ ìyẹn báyìí. Ẹ má ka nǹkan kan nígbà tí bọ́dì ṣì ń gbéra. Bí X ti ṣaasí bá sì kọjá 1,428 sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ọkọ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá dígírì 5: ẹ má gbé bọ́dì rárá, ẹ wa ọkọ̀ síbòmíràn.