Kí ẹ tó ra gbogbonìṣe inú ọkọ̀: bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ olóògùn wò

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní gáréèjì Ṣágámù, tó dorí kọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan lè dìde, kó gbàdúrà fún èrò ọkọ̀, kó sì fa ìgò kan yọ nínú báàgì. Ó ní ìgò kan ṣoṣo yẹn ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí àti ara ríro. (Òfin kò fọwọ́ sí kíkiri oògùn báyìí, àmọ́ ta ló ń bi wọ́n?) A ò bá àgbo jà o. Àgbo ni wọ́n fi wẹ ọ̀pọ̀ nínú wa ní kékeré.

Àkọ́kọ́, ẹ ka iye àìsàn tó dárúkọ. Ohun tó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló ń fa àtọ̀gbẹ. Bí wọ́n bá ti pọ̀ báyẹn, ẹ fi owó yín sápò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, lára ìgò, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú Greenbook, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọjà tó ní nọ́ńbà, tí àjọ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn kan máa ń jí nọ́ńbà ọjà ọlọ́jà. Bí nọ́ńbà bá tiẹ̀ pé, ẹ tún wo lẹ́tà kéékèèké: lára ọ̀pọ̀ àgbo inú ìgò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò.

Ibi tí wọ́n ti ń mú wa jù ni ẹ̀rí ẹnu. “Ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó lò ó, ara wọn yá.” Ẹ bi í pé: kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Ẹ̀yìn ríro a máa wá, a sì máa lọ. Ìgbà tó bá le jù lọ là ń ra oògùn, nígbà tó jẹ́ pé ó ti fẹ́ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní in kì í mọ̀ ọ́n lára, nítorí náà “ara mi yá gágá” kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ni ẹ̀rí. Àbí ìyá náà ń lo oògùn ọsibítù lọ́wọ́, tí ìgò wá gba ọpẹ́? Lóòótọ́, ara ewé ni wọ́n ti rí oògùn ibà artemisinin, ṣùgbọ́n wọ́n yọ èròjà rẹ̀, wọ́n dán an wò lára ẹranko àti ènìyàn. Iṣẹ́ yìí ni Tu Youyou, ará Ṣáínà, fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Bí olóògùn bá ní “ewé lásán ni, kò lè pani lára”, ẹ rántí ẹ̀gẹ́. Inú ilẹ̀ ló ti wá, ó sì ní májèlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rin ín, tí a ń jẹ́ kó kan, kó tó di gàrí Ìjẹ̀bú. Èyí tó bá tètè ṣiṣẹ́ jù gan-an ni kí ẹ fura sí, torí wọ́n ti bá oògùn òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ìgò nínú irú rẹ̀ rí.

Ẹni tó bá ti rà á ńkọ́? Ẹ má tìtorí rẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró. Ewé àti oògùn ọsibítù lè ta ko ara wọn: kódà kápúsù aáyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà ní OOUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì tó wà ní Ṣágámù, tàbí tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ apòògùn àdúgbò, ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ má kàn dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa fẹ́ kà.