Ọkàn ò sáré, èémí ń já: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí eré ìdárayá lẹ́yìn ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn

Ní Ìkòròdú níbí, láti Ẹbúté dé Ìgbógbó, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣèṣe ní ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń ṣe físíò. Ìyàwó, àbúrò tàbí ọmọ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni mo dáhùn níbí.

Ọkadà gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lọ́nà Ṣágámù, ọrùn ló fi ṣèṣe. Ẹni ọdún 29 ni. Bó ti wù kó fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ tó, lílù ọkàn rẹ̀ kì í ju 115 lọ. Ṣé ọkàn rẹ̀ ti ń kú lọ ni?

Rárá o. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ ọkàn. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ní òkè àyà, láti eegun àyà (eegun ọ̀pá ẹ̀yìn tó bọ́ sí ibi àyà) kìíní dé ìkarùn-ún, ni àwọn iṣan tó ń sọ fún ọkàn pé kó sáré ti ń jáde. Tí ọ̀pá ẹ̀yìn bá já lọ́rùn, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò ní kọjá ibẹ̀. Èyí tó ń sọ fún ọkàn pé kó rọra, ìdí ọpọlọ ló ti ń wá tààrà, kò gba ọ̀pá ẹ̀yìn rárá, torí náà kò sóhun tó ṣe é. Bó ṣe ń tú ìjánu díẹ̀ nìkan ni ọkàn fi ń yára, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi kọjá 110 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má fi ìṣirò "220, yọ ọjọ́ orí kúrò", tí wọ́n fi ń mọ ibi tí lílù ọkàn lè ga dé, lé e ní eré. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le lára rẹ̀ tó. 5 tàbí 6 ti tó.

Ọkọ mi ṣèṣe ní ọ̀pá ẹ̀yìn, lókè àyà. Bó ṣe ń ṣe eré ìdárayá lọ́wọ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ gidigidi, ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn bo iwájú orí. Mo ní kó dùbúlẹ̀ sinmi. Ṣé mo ṣe é re?

Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ mọ́ o. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ló lè pa èèyàn. Ẹni tó bá ṣèṣe ní eegun àyà kẹfà tàbí lókè rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fò sókè lójijì nígbà tí ohun kan bá ń ni ín lára nísàlẹ̀ tí kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ dá eré dúró. Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì, bàtà àti gbogbo ohun tó fún un. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìtọ̀: ṣé rọ́bà ìtọ̀ ló ká, àbí àpò ìtọ̀ ló kún? Ìyẹn ló máa ń fà á jù. Ìgbẹ́ tó dì, egbò ìdí, àní èékánná ẹsẹ̀ tó wọ inú ẹran pàápàá lè fà á.

Ẹ máa wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún síra. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà òkè fún ọ̀pọ̀ wọn kì í ju 90 sí 110 lọ nígbà tí ara bá dá. Tí ó bá di 140, nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ lè ní kò burú, bẹ́ẹ̀ ewu ti dé. Ẹ kọ nọ́ńbà tó máa ń wà lára rẹ̀ sínú ìwé kékeré, ẹ mú un dání. Tí ó bá tó 150, tàbí tí orí fífọ́ kò lọ, ilé ìwòsàn ni, ní ìjókòó ni kẹ́ ẹ sì gbé e dé ibẹ̀.

Àwọn eléré ìdárayá kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ìfúnpá tó ń fò sókè yìí sí ara wọn kí wọ́n lè sáré sí i. Àjọ Paralympic ti fòfin dè é láti 1994.

Èémí ẹni tó ṣèṣe lọ́rùn máa ń já tó bá jókòó, ó sì máa ń dáa tó bá dùbúlẹ̀. Kí ló dé?

Iṣan pẹlẹbẹ abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ṣì ń ṣiṣẹ́, torí láti àárín ọrùn ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Èyí tó wà láàárín egungun ìhà àti ti ikùn ni kò gbọ́ràn mọ́. Tó bá jókòó, ikùn á yọ síwájú, iṣan pẹlẹbẹ yẹn á sì wálẹ̀ jù, kò ní rí àyè fà dáadáa. Bẹ́líìtì ikùn máa ń ràn án lọ́wọ́, kí físíò fi bí wọ́n ṣe ń dè é hàn yín. Ikùn kan náà ni a fi ń wúkọ́, nítorí náà ẹ má fojú kékeré wo ọ̀fìnkìn lára rẹ̀.

Òòyì ń kọ́ ọ tó bá parí eré ìdárayá.

Ẹ̀jẹ̀ ló wọ́ jọ sí ẹsẹ̀, torí iṣan ẹsẹ̀ kò tì í padà sókè. Kó má dúró lójijì, kó máa rọra yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi balẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, ẹ dà á sẹ́yìn, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ kíyè sí i pé òdìkejì ìtọ́jú orí fífọ́ tòkè yẹn nìyí, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ooru tún wà níbẹ̀. Kì í làágùn nísàlẹ̀ ibi tó ti ṣèṣe, torí náà yàrá tí iná ò sí kò yẹ kó jẹ́ ibi eré ìdárayá lọ́sàn-án. Àárọ̀ kùtù ni kó ṣe é, kí tówẹ̀lì tútù àti omi wà nítòsí.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìlànà àgbáyé tó jáde ní 2018 sọ pé ó kéré tán, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú gbígbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá fẹ́ kó ran ọkàn àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ: títi wíìlíṣíà lórí ọ̀dà tó tẹ́jú àti ìgò tí a rọ yanrìn sí ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó sì kọ́kọ́ tú ìtọ̀ dànù nígbàkígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.